Ẹ̀yà wo ni wọ́n, kí ni wọ́n sì ń wá? Ohun tí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ kọ́ wa nípa àwọn agbésùnmọ̀mí

Bí àwọn agbébọn bá kọ lu ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí, wọn kì í tíì ka òkú tán tí ìbéèrè kan á ti gba gbogbo fóònù: ẹ̀yà wo ni wọ́n? Kò ṣàjèjì sí wa. Àwa tí a máa ń béèrè ọmọ ta ni èèyàn kí a tó béèrè ohun tó bá wá, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbi ìkíni àti ìtọrọ ìyàwó, ìbéèrè náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Níbi ìpànìyàn, ó máa ń sọ ibi tí apànìyàn ti wá fún wa, kò sì ní sọ ìdí tó fi pànìyàn.

Ìbéèrè méjèèjì yìí ló máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ní "Fúlàní ni" àti ẹni tó ní "ISWAP ni" (ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ Islamic State ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà) á fi máa bú ara wọn, bíi pé tí ọ̀kan bá jẹ́ òótọ́, irọ́ ni èkejì. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere tó Ọ̀wọ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n nàka sí níbẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ gan-an?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni, ọjọ́ tí ìjọ Kátólíìkì ń ṣe àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn ọkùnrin kan kọ lu ṣọ́ọ̀ṣì St Francis Xavier nílùú Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n ju àdó olóró, wọ́n sì yìnbọn lu àwọn tó ń jọ́sìn. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú wọn papọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ṣáájú kí oṣù náà tó parí.

Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. A mọ ìjínigbé lójú ọ̀nà. A mọ ìjà màlúù àti oko. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé àdó olóró wọ ilé ìjọsìn, kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni lọ, kí wọ́n má béèrè owó, kí wọ́n kàn pa èèyàn kí wọ́n sì lọ, ìyẹn yàtọ̀. Ohun tí wọn kò béèrè yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ mú ẹni tó ń wá ìdí rẹ̀ ronú.

Ta ni wọ́n fẹ̀sùn kàn?

Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹnu ará ìlú kò yàtọ̀: àwọn Fúlàní darandaran ni. Ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Gómìnà Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, ti fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje láti jáde kúrò nínú igbó ọba tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n fòfin de kí màlúù máa jẹ̀ kiri ìgboro. Nítorí náà, nígbà tí ìbọn dún nílùú gómìnà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀san ni.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, Rauf Aregbesola, jáde níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ètò ààbò nílùú Àbújá, ó ní ISWAP ló ṣe é. Akeredolu ní ìjọba àpapọ̀ ti kánjú jù. Ó sì ní ìdí: ISWAP máa ń jáde sọ pé àwọn ni, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀. Ibi yìí ni àríyànjiyàn ti di ti ìfura. Àwọn kan gbà pé ìjọba ń fi orúkọ ISWAP bo àwọn Fúlàní mọ́lẹ̀ ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ọ̀gágun Lucky Irabor, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn afurasí kan ní Eika, ní ìjọba ìbílẹ̀ Okehi, ìpínlẹ̀ Kogi. Ilẹ̀ Ebira ni ibẹ̀ wà. Kì í ṣe Maiduguri, kì í ṣe Zamfara. Láti Ọ̀wọ̀, ọkọ̀ á dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ìwé ẹ̀sùn náà kò dárúkọ darandaran. Kò sì dárúkọ ISWAP. Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ Al-Shabaab ni wọ́n, nínú ikọ̀ kan tó fìdí sí Kogi. Àwọn márààrún ní àwọn kò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ni yóò sì sọ bó bá jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Afurasí ni wọ́n títí dìgbà náà.

Ṣé Al-Shabaab àti ISWAP kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Rárá o, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré. Al-Shabaab jẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Somalia, abẹ́ al-Qaeda ló wà. ISWAP jẹ́ ẹ̀ka tí ẹgbẹ́ Islamic State ní ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Inú Boko Haram ló ti jáde: Abubakar Shekau búra fún Islamic State ní ọdún 2015, àmọ́ ní ọdún 2016 Islamic State yọ ọ́, wọ́n fi Abu Musab al-Barnawi, ọmọ Mohammed Yusuf tó dá Boko Haram sílẹ̀, rọ́pò rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì pín sí méjì. Àwọn al-Qaeda àti àwọn Islamic State kò rẹ́. Ní Somalia, wọ́n ń pa ara wọn.

Torí náà, tí ìjọba bá sọ ISWAP ní ọdún 2022, tí DSS sì kọ Al-Shabaab ní ọdún 2025, ọ̀gá méjì tó ń bá ara wọn jà ni wọ́n dárúkọ yẹn. Èyí tó da àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀yà. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ìjọba tí kì í fi Sharia ṣe òfin kì í ṣe ìjọba, pé ẹni tó bá gbà fún un ti di kèfèrí, kódà bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dẹ̀tọ́ láti ta sílẹ̀.

Kogi kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ibùba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, wọ́n yìnbọn pa èèyàn mọ́kàndínlógún nínú ṣọ́ọ̀ṣì Deeper Life kan lágbègbè Okene. Ní ọdún 2016, Lokoja ni wọ́n ti mú Khalid al-Barnawi, ọ̀kan lára àwọn olórí ẹgbẹ́ Ansaru, èyí tó ya kúrò lára Boko Haram ní ọdún 2012. Ní òpin ọdún 2022, àdó olóró bú gbàmù nítòsí ààfin Ohinoyi ní Okene lọ́jọ́ tí Ààrẹ Buhari lọ síbẹ̀, ISWAP sì ní àwọn ni. Ẹ wò ó: ọba Ebira, ìlú Ebira, ló wà níwájú àdó olóró yẹn.

Ẹni tó jí Olóyè Falae gbé ńkọ́?

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn ọkùnrin kan jí Olóyè Olu Falae, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó rí, gbé nínú oko rẹ̀ ní Ilado lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọjọ́ ìbí ọdún kẹtàdínlọ́gọ́rin rẹ̀ ni. Wọ́n fi í rin igbó, wọ́n sì gba owó kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Oǹdó rán ọkùnrin méje sí ẹ̀wọ̀n gbére. Fúlàní ni wọ́n, wọ́n sì ti ń fi màlúù jẹ̀ lágbègbè náà.

Níbẹ̀, ará ìlú kò purọ́ lórí ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń wá? Owó. Wọn kò wàásù fún Falae, wọn kò béèrè pé kí ìjọba yí òfin padà. Ẹ̀sùn tí wọ́n jẹ̀bi rẹ̀ ni ìjínigbé, ìdìtẹ̀ àti ìdigunjalè.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀. Ìpínlẹ̀ kan, ọdún méje ni ó wà láàárín wọn, "Fúlàní darandaran" lẹnu ará ìlú pe ìkíní-kejì. Gbólóhùn yẹn gan-an ni ìṣòro: ó di ẹ̀yà, iṣẹ́ àti ìwà ọ̀daràn sínú àpò kan. Fúlàní ń bẹ tí kò da ẹran rí láyé rẹ̀. Darandaran ń bẹ tí kò jí ẹnikẹ́ni gbé, tí àwọn ajínigbé sì ti kó màlúù tirẹ̀ lọ. Ní Zamfara àti Katsina, ọ̀pọ̀ àwọn agbébọn ló jẹ́ Fúlàní, àwọn Fúlàní mìíràn sì wà lára àwọn tí wọ́n ń jí ẹran wọn kó.

Kí ni òfin Nàìjíríà pè ní ìgbésùnmọ̀mí?

Òfin tó wà lórí rẹ̀ báyìí ni ti ọdún 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù Karùn-ún, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìkọlù Ọ̀wọ̀. Ohun méjì ló ń wá. Èkíní ni ìṣe fúnra rẹ̀: kí ó lè pa orílẹ̀-èdè lára, kí ó dẹ́rù ba ará ìlú tàbí kí ó fipá mú ìjọba ṣe ohun kan. Èkejì ni ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é: kí ó ṣe é láti gbé èrò kan lárugẹ, ìbáà jẹ́ ti òṣèlú, ti ẹ̀sìn, ti ẹ̀yà tàbí ti àwọ̀ ara.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka "ti ẹ̀yà" yẹn lódì. Òfin kò béèrè ẹ̀yà tí afurasí jẹ́. Ohun tó ń béèrè ni bóyá nítorí ẹ̀yà ló fi pànìyàn. Ọkùnrin ará Australia tó pa èèyàn 51 ní mọ́sáláṣí méjì ní Christchurch, ní New Zealand, ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ó ṣe é nítorí ìgbàgbọ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ga jù àti pé àwọn àlejò ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Níbẹ̀, ẹ̀yà wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, èmi kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n lé gbogbo ará Australia kúrò ní New Zealand.

Ìlà tí òfin fà yìí kò dúró gbọnyin títí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá kéde àwọn agbébọn ìwọ̀-oòrùn àríwá ní agbésùnmọ̀mí, ìjọba sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń jíni gbé torí owó àti ẹni tó ń pànìyàn torí ẹ̀kọ́ ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú òfin. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ó fún ológun lágbára láti lo ọkọ̀ òfurufú ogun. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ó sọ ìyàtọ̀ tí ọlọ́pàá nílò di bàìbàì.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pè é pàápàá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà ogun ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn tó ń gbé sùnmọ̀mí ni àwọn tó ń yọ sí abúlé lójijì láti kó èèyàn lẹ́rú. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn, Yorùbá sì ni àwọn tí wọ́n ń kó.

Ṣé Boko Haram kì í ṣe ti Fúlàní ni?

Ìbéèrè yìí kì í tán nílẹ̀. Maiduguri ni Mohammed Yusuf ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ Yobe sì ni òun àti Shekau. Kanuri ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ Kanuri ni wọ́n ti ń kó ọmọlẹ́yìn jọ, bí ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn yóò ṣe ní ará Ìbàdàn jù.

Kanuri àti Fúlàní kì í ṣe ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun jìhádì Usman dan Fodio dé Borno, tí wọ́n kó olú ìlú rẹ̀ ní ọdún 1808, Muhammad al-Amin el-Kanemi ló gbógun tì wọ́n. Ó kọ lẹ́tà sí Muhammad Bello, ọmọ dan Fodio, ó bi í léèrè irú jìhádì tí àwọn ń gbé ko Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wọn. Igba ọdún ó lé ti kọjá. Ìbéèrè yẹn gan-an làwọn ààfáà àríwá ń bi Boko Haram lónìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, àdó olóró àti ìbọn pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní mọ́sáláṣí ńlá Kano, níwájú ààfin Ẹ́míà tó jẹ́ Fúlàní. Bó bá jẹ́ pé ogun ẹ̀yà ni, a jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Yorùbá rí bí?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ní Woolwich, ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin méjì fi ọkọ̀ gbá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Lee Rigby, nítòsí bárékè rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀bẹ pa á lójú pópó. Wọn kò sá. Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú fóònù tó ń ya fídíò, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé pé àwọn Mùsùlùmí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń pa lójoojúmọ́ ni òun ń gbẹ̀san wọn.

Orúkọ wọn ni Michael Adebolajo àti Michael Adebowale. Kò sí Yorùbá tó ka orúkọ yẹn tí ara rẹ̀ kò bù máṣọ. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Adebolajo sí, ilé Kristẹni ló ti dàgbà, kó tó di pé ó gba ẹ̀sìn Islam tó sì ń bá àwọn Al-Muhajiroun rìn, ẹgbẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè. Ní ọdún 2010, wọ́n mú un ní Kenya, wọ́n fura pé Somalia ló ń lọ, lọ́dọ̀ Al-Shabaab. Al-Shabaab náà ni, ẹgbẹ́ tí ìwé ẹ̀sùn Ọ̀wọ̀ dárúkọ.

Ní ọjọ́ náà, akọ̀ròyìn BBC kan sọ pé àwọn apànìyàn náà "rí bíi Mùsùlùmí". Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, torí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé bí Mùsùlùmí ṣe ń rí. Ní ọdún 2014, Adebolajo gba ẹ̀wọ̀n tí kò ní jáde títí ikú, Adebowale gba ẹ̀wọ̀n gbére pẹ̀lú ọdún 45 ó kéré tán. Àwọn náà kọ́ ló sì dá wà: Lawal Babafemi jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ kan ní Brooklyn lọ́dún 2014 pé òun lọ bá al-Qaeda ní Yemen, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 22.

Nígbà yẹn, a rí ìyàtọ̀ náà kedere. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ni Odùduwà wí nípa Somalia.

Ṣé ẹ̀yà kò wá ní nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀ ni?

Ibi tí ẹnu kò ti kò nìyí. Àwọn kan, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Òkè Ògùn àti Oǹdó wà lára wọn, ní ẹni tí wọ́n so mọ́gi nínú igbó fún ọ̀sẹ̀ kan mọ èdè tí wọ́n ń sọ sí i lórí, pé kí wọ́n ní kó má sọ ọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ní kó pa ẹ̀rí mọ́. Wọ́n tún ní tí àwọn aṣáájú ẹ̀yà kan bá ń gbèjà ọ̀daràn, ẹ̀yà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Àwọn aṣáájú Fúlàní ní tiwọn ní ọ̀daràn kò ní ẹ̀yà, pé wọ́n ń fìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ aláìṣẹ̀. Àwọn àjọ Mùsùlùmí sì ń kọminú sí ọ̀nà kejì: tí a bá kúrò lórí ẹ̀yà, kí a má wá gbé e lé ẹ̀sìn, nítorí "ẹ̀kọ́" tí à ń wí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé kéwú àdúgbò.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ètò ààbò ní ẹ̀yà wúlò bí ojú ọ̀nà, kì í ṣe bí ìdí. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń gba inú ẹbí, ọ̀rẹ́ àti èdè kó ọmọlẹ́yìn. Nítorí náà, mímọ ibi tí ẹnì kan ti wá lè jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ ibi tí yóò ti tọpasẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀dùn ọkàn ẹ̀yà kan, bíi màlúù tí wọ́n jí tàbí abúlé tí wọ́n sun, ṣe ìdẹ fún ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àlàyé yìí ló bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti Ilado mu jù lójú tèmi.

Kí ló wá kan ará ìlú?

Bí owó ni wọ́n ń wá, owó ìtúsílẹ̀, fóònù àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ wọnú igbó ni àwọn agbófinró yóò máa tọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́, oníwàásù, ẹni tó ń ṣe àdó olóró àti ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ìjà oko àti màlúù, òfin lórí ìdaran ni. Bí gbogbo ojú bá wà lára àgọ́ Fúlàní ní ọdún 2022, ta ló ń wo Eika?

Ìwé ẹ̀sùn 2025 sì ti fẹ́ bí àṣìṣe tuntun. Àwọn Ebira ti ń ṣiṣẹ́ oko lágbègbè Ọ̀wọ̀ àti káàkiri Oǹdó àti Èkìtì tipẹ́, àwọn ló ń kọ ebè iṣu lọ́pọ̀ oko níbẹ̀. Orúkọ Ebira tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn kò sọ wọ́n di Al-Shabaab, bí orúkọ Adebolajo kò ṣe sọ àwọn Yorùbá tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù di ọ̀kan.

A sì ti jẹ nínú irú ìyà yẹn rí. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ Katsina tí al-Qaeda kọ́ ní Yemen, fẹ́ fi àdó olóró inú ṣòkòtò já ọkọ̀ òfurufú lulẹ̀ lókè Detroit. Bàbá rẹ̀ gan-an ti lọ fẹjọ́ ọmọ sun ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá ní oṣù tó ṣáájú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà sínú orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá tí wọ́n á máa yẹ àwọn arìnrìn-àjò wọn wò lákànṣe. Ìyá àgbà tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé lọ́wọ́, ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tú ẹrù rẹ̀.